Ewúrẹ́ Tí Bàbá Mi So Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ń mọ ìgbóná ara, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn. Ó ní àtẹ́lẹwọ́ ti di ohun púpọ̀ mú jù, awọ rẹ̀ ti le, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́ ṣì ń tètè mọ nǹkan lára. Láràárọ̀, kí oòrùn tó yọjú nínú ọyẹ́, màá ti kúnlẹ̀ sínú eruku lẹ́yìn ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí, màá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi lé itan ewúrẹ́ mẹ́fà níkọ̀ọ̀kan, itan òsì kọ́kọ́, kí n tó bọ́ sí tọ̀tún. Màá wá kọ ohun tí mo bá pàdé sínú ìwé: Bákan náà. Bákan náà. Ọ̀tún lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Bákan náà.

Ọyẹ́ ọdún náà nípọn. Láàárọ̀, àwọn òkè àpáta tó yí ìlú ká kì í sí níbẹ̀ mọ́. Tó bá di ìyálẹ̀ta, wọ́n á padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó lọ kí ará ilé rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ á máa jẹ̀ lọ nínú funfun yẹn, màá sì máa gbọ́ pátákò wọn kí n tó rí wọn. Mo ti gbìyànjú láti rántí oṣù wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe rí gan-an, torí mi ò fẹ́ sọ ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń padà wá bá mi náà nìyẹn, bí àlá tí èèyàn lá lójú oorun ọ̀sán.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ni mo kà, iṣẹ́ kò sì tètè yọ. Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé dókítà eegun kan ní Ṣakí ń wá ẹni tó lè tọ́jú ewúrẹ́, tó sì lè kọ̀wé tó ṣeé kà. Mo rò pé ẹran ló ń sìn. Ọjọ́ tí mo débẹ̀ ló mú mi jókòó, tó sì kó irin kékeré méjì sí mi lọ́wọ́. Wọn ò gùn ju ìdajì ìka ọmọdé lọ, méjèèjì ń dán, mi ò sì lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ó ní ara á dá wọn mọ̀.

Ọ̀kan jẹ́ irin òkè òkun, irú èyí tí àwọn dókítà ti ń fi de eegun tó ṣẹ́ nínú ara èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́, tí ara kì í kọ̀. Èkejì wá láti Ìbàdàn. Ara àgbá ńlá kan tí wọ́n ń pọn nǹkan mímu sí ni wọ́n ti gé e, irin tí kì í dípẹtà. Lọ́dún náà, irin òkè òkun wọ́n bí ojú. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń kó ọjà wọlé kò jáde, àwọn tí eegun wọn ṣẹ́ sì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń dúró. Dókítà ní tí irin Ìbàdàn bá ṣeé lò, ìdúró tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n èèyàn tí kì í kánjú ni. Ó ní irin tí kò dípẹtà nínú àgbá lè dípẹtà nínú èèyàn, torí omi iyọ̀ ló kún inú wa.

Nítorí náà, ewúrẹ́ mẹ́fà. A rà wọ́n lọ́jà Àgọ́-Àrẹ. Dókítà fún wọn lóògùn oorun, ó la itan wọn méjèèjì, ó fi irin òkè òkun sínú eegun òsì, ó fi ti Ìbàdàn sínú ti ọ̀tún, ó sì rán wọn padà. Bí ara bá gba irin, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á bò ó, eegun á sì sún mọ́ ọn. Bí ara bá kọ̀ ọ́, ibẹ̀ á gbóná, á wú, á ṣọyún, ẹran ibẹ̀ á sì dúdú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a ó pa àwọn ewúrẹ́ náà, a ó la eegun wọn, a ó sì fojú ara wa rí i. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀yìn ọwọ́ mi nìkan ló wà, àti téèpù tí mo fi ń wọn itan wọn, àti ojú tí mo fi ń wo bí wọ́n ṣe ń rìn.

Mi ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé ewúrẹ́ nìkan ló kàn mí. Lábẹ́ igi òrí tó wà nínú ọgbà ewúrẹ́ náà, lórí ẹní, bàbá mi wà níbẹ̀.

Ahunṣọ ni bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn. Ó gun orí ẹrù nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ sí Òkèhò pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ fi jíṣẹ́, ọkọ̀ náà gorí gegele, bàbá mi sì já bọ́. Eegun itan rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ baba kan tó ń to eegun. Mi ò ní sọ pé baba náà kò mọṣẹ́. Mo ti rí apá tó tò tí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ó ṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n itan kì í ṣe apá. Ẹran tó yí i ká lágbára, ó sì máa ń fa eegun tó ṣẹ́ gorí ara wọn.

Baba atoeegun náà ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ó mú adìẹ kan, ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ibi tí ti bàbá mi ti ṣẹ́, ó fi ọparun kéékèèké dì í bó ṣe di ti bàbá mi, ó sì ń fi àgbo kan náà ra ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí adìẹ bá dìde rìn ni aláìsàn náà máa mọ̀ pé eegun òun ti so. Adìẹ dìde. Ó rìn yí àgbàlá ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tan ilẹ̀. Wọ́n tú ọparun ẹsẹ̀ bàbá mi. Ó gbìyànjú láti dìde, ó sì ṣubú.

Ó sábà máa ń sọ ọ́ bí àwàdà fún àwọn tó bá wá kí i. Á ní adìẹ náà kánjú ni, pé ìwòsàn kan ṣoṣo ni wọ́n pín fún àwọn méjì, adìẹ ló sì kọ́kọ́ na ọwọ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò tètè mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Nígbà tí mo ríṣẹ́ ní Ṣakí, mo gbé e wá bá dókítà. Dókítà ya àwòrán ẹsẹ̀ náà, ó sì fi hàn mí. Orí eegun méjèèjì kọjá lára ara wọn bí ìka ẹni tó ká ọwọ́. Ó ní tí òun bá fà wọ́n bọ̀ sípò, tí òun fi irin dè wọ́n, wọ́n lè so. Irin Ìbàdàn nìkan ló sì wà nílẹ̀, òun ò sì ní fi í sára ẹnikẹ́ni títí ewúrẹ́ á fi kọ́kọ́ jẹ́rìí.

"Ìwọ lo ń kọ ìwé," ó ní. "Ìwọ náà lo ni aláìsàn. Kọ ohun tó o rí, má kọ ohun tó o fẹ́."

Mo ní mo gbọ́.

Ohun tó ń dúró de bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn ni òfì rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń hun aṣọ: bí ọ̀tún ṣe ń tẹ igi rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni òwú ń lanu, ọ̀kọ̀ tó gbé òwú á sáré kọjá, òsì náà á tẹ tirẹ̀, òwú á pa ẹnu dé. Ẹlẹ́sẹ̀ kan kò lè ṣe é. Bàbá mi kò ní iṣẹ́ mìíràn, kò sì wá òmíràn rí. Nígbà tó bá ń tòògbé lábẹ́ igi òrí lọ́sàn-án, mo máa ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì tó ń tẹ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, á sinmi, á tún tẹ̀. Ọ̀tún á wà lórí ẹní bí igi tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Mo máa ń dúró wò ó. Bí ẹni tó ń hun nǹkan láti inú oorun ló ṣe rí, tí aṣọ náà kò sì ní lè jáde torí pé ìdajì rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń hun.

Òun ló fún mi ní òwú tí mo fi dá àwọn ewúrẹ́ mọ̀. Mo fẹ́ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ó ní ewúrẹ́ kì í ṣe àpótí. Ó tú àpò rẹ̀, ó yọ òwú mẹ́fà: pupa, funfun, ewé, dúdú, yẹ́lò, àti aró ẹtù. Mo so wọ́n mọ́ wọn lọ́rùn. Nígbà tó ku ti aró ẹtù, ó ní kí n gbé ewúrẹ́ náà wá, òun fúnra òun á so ó.

"Èwo ni tèmi nínú wọn?" ó bi mí.

Mo ní kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni.

"Gbogbo wọn kọ́. Adìẹ kan ni wọ́n fi ṣe tèmi níjọ́sí, kì í ṣe agbo adìẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò sì dáhùn. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n jókòó tì í kí n ṣàlàyé pé kì í ṣe ewúrẹ́ ló ń sáré pẹ̀lú rẹ̀, irin ni à ń wò. Mo ka ẹ̀rín sí ìdáhùn tó tó. Bàbá mi náà kà á sí ìdáhùn, ṣùgbọ́n èyí tó gbọ́ yàtọ̀ sí èyí tí mo sọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ewúrẹ́ náà ní Ẹlẹ́tù.

Oṣù àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ojú egbò jinná. Àwọn ewúrẹ́ ń rìn, wọ́n ń fò, wọ́n ń jà. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi ń sọ pé bákan náà, bákan náà. Lẹ́yìn tí mo bá wọn tán láàárọ̀, mo máa ń lọ sínú yàrá kékeré kan nínú ilé ìwòsàn láti da àkọsílẹ̀ náà kọ sínú ìwé ńlá, mi ò sì ní padà títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi ló máa ń wà pẹ̀lú wọn lọ́sàn-án. Ó ní òun ń ṣọ́ wọn. Mo rò pé ìṣọ́ nìkan ni.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, itan ọ̀tún Ẹlẹ́tù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó gbóná. Ìsàlẹ̀ orúnkún rẹ̀ wú díẹ̀, itan fúnra rẹ̀ sì ń rù. Téèpù kò purọ́. Ó ń tiro. Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi wúwo nígbà tí mo ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́, ní ọjọ́ kìíní, ní ọjọ́ kejì, títí di ọjọ́ kẹwàá.

Dókítà ka ìwé náà lórí ìdúró. Ó tún padà kà á. Mo sọ fún un pé márùn-ún yòókù kò ní nǹkan kan. Ó ní òun rí i.

"Bí ara kan bá kọ̀ ọ́ nínú mẹ́fà," ó ní, "tí mo bá wá ní èèyàn mẹ́fà níwájú mi, èwo ni kí n fi í sí lára?"

Ó ní òun á dúró kí oṣù mẹ́ta pé kí òun tó pinnu, ṣùgbọ́n mo mọ ojú rẹ̀. Mo rìn padà gba inú ọgbà. Bàbá mi béèrè ohun tí dókítà wí. Mo ní ó ní kí á ní sùúrù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, mo gbàgbé pẹ́ńsùlù mi sínú ọgbà, mo sì padà wá mú un ní agogo méjìlá ọ̀sán. Eruku ọyẹ́ ti bo oòrùn, ìmọ́lẹ̀ kàn wà níbi gbogbo láìsí òjìji. Ewúrẹ́ márùn-ún ń jẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ẹlẹ́tù dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní bàbá mi, orí rẹ̀ wà lórí itan ọ̀tún bàbá mi, àwọn méjèèjì sì ń sùn. Mo kọ́kọ́ rò pé ohun tí mo ń rí kò sí níbẹ̀. Ọ̀já aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, èyí tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ hun, yí ẹsẹ̀ ọ̀tún ewúrẹ́ náà ká nísàlẹ̀ orúnkún. Etí rẹ̀ kejì so mọ́ gbòǹgbò igi òrí. Ó kúrú débi pé ewúrẹ́ náà kò lè gbé ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀ dáadáa bó bá dìde.

Mo kúnlẹ̀, mo tú u. Irun ti bó lábẹ́ rẹ̀, awọ ibẹ̀ sì pupa. Torí pé aṣọ náà rọ̀ múlọ́múlọ́ ni kò fi dégbò tí màá tètè rí.

Bàbá mi la ojú. Kò ṣe bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

"Bàbá, kí lẹ so ó fún?"

"Kó má baà ṣíwájú mi."

Mo di ọ̀já náà mú.

"Adìẹ ìjọ́sí," ó ní, "èmi ni mo dùbúlẹ̀, òun ló ń rìn kiri. Ó rìn títí ó fi rin ẹsẹ̀ tèmi mọ́ tirẹ̀ lọ. Èyí ò ní rìn kí n tó rìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá tò mí tán ni màá tú u, a ó jọ dìde."

Ó ṣàlàyé pé òun kì í fi ìyà jẹ ẹ́. Òun ló ń já ewé fún un, òun ló ń bu omi fún un. Àràárọ̀ tí mo bá ti wọlé ló ń so ó, ìrọ̀lẹ́ kí n tó dé ló ń tú u. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn ẹni tó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù gbàgbé. Mo fẹ́ bínú, ìbínú náà kò wá. Mo kàn rí i pé láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bàbá mi ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ dí ọ̀nà ẹsẹ̀ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ àtirìn ló mú un ṣe é.

Mo sọ ìyẹn fún un. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: pé ẹsẹ̀ Ẹlẹ́tù tó gbóná yìí ni dókítà rí, pé òun ló sì máa mú un kọ irin náà. Bàbá mi gba ọ̀já náà lọ́wọ́ mi. Ó ń fi àtàǹpàkò ra á lọ ra á bọ̀.

"Ìyẹn ni pé adìẹ ìjọ́sí kò jẹ̀bi," ó ní níkẹyìn.

Mo ronú gidigidi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀já lè jẹ́ ohun tó fa ìgbóná náà. Irin lè jẹ́ ohun tó fà á. Ó sì lè jẹ́ àwọn méjèèjì. Èyí tí mo fẹ́ kó jẹ́ ni ọ̀já, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbọ́dọ̀ tètè gbà á gbọ́. Bí mo bá dákẹ́, tí ẹsẹ̀ náà sì sàn, màá kàn kọ ọ́ pé ó sàn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí mo bá sì lọ bá dókítà, kí ni màá wí? Pé ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó sọ̀rọ̀ burúkú sí irin náà, ọmọ aláìsàn ti rí àwáwí fún un? Èmi fúnra mi, tí ẹlòmíràn bá gbé e wá bá mi, mi ò ní gbà á. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà mo kọ ìgbóná sílẹ̀, mo kọ wíwú sílẹ̀, mi ò kọ ọ̀já. Ìgbóná ń lọ sílẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé inú mi dùn nígbà tó ń lọ sílẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ pé ìdùnnú yẹn ló dẹ́rù bà mí.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo sọ fún bàbá mi pé mò ń lọ bá dókítà. Ó ní kí n gbé ọ̀pá òun méjèèjì wá. Láti ọgbà dé yàrá dókítà kò jìnnà, ṣùgbọ́n a pẹ́ lójú ọ̀nà. Ó ń sinmi, èmi náà ń sinmi. Ẹlẹ́tù tẹ̀ lé wa, ó ń tiro díẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Dókítà, èmi ni mo so ó," bàbá mi wí kó tó jókòó. "Ọmọ yìí kò mọ̀."

Ó gbé ọ̀já náà lé orí tábìlì. Dókítà gbọ́ ọ̀rọ̀ adìẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n mú ìwé wá, ó fi rúlà fa ìlà kọjá lórí gbogbo ojú ewé Ẹlẹ́tù, láti ọjọ́ kìíní. Ó ní ewúrẹ́ náà ti jáde nínú iṣẹ́.

Mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, ọ̀rọ̀ náà sì korò lẹ́nu mi: mo ní ṣé kì í ṣe pé a ń yọ ẹlẹ́rìí tó jẹ́rìí takò wá kúrò ni?

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Kọ ìyẹn náà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Kọ pé mẹ́fà ni wọ́n, pé a yọ ọ̀kan, kọ ìdí rẹ̀, kó o sì kọ pé bàbá ẹ ni. Ẹni tó bá kà á á ṣèdájọ́ fúnra ẹ̀."

Bàbá mi ní òun fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ó béèrè bóyá èyí tó ti jáde nínú iṣẹ́, wọ́n ṣì máa pa á.

"Kí ni màá pa á fún, bàbá? Kò lè sọ nǹkan kan fún mi mọ́."

Bàbá mi wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí Ẹlẹ́tù ti ń jẹ etí ẹní ìnusẹ̀. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ wá sílẹ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ tí òórùn ilẹ̀ sì gba gbogbo ìlú, oṣù mẹ́ta pé. A pa ewúrẹ́ márùn-ún náà, a sì la eegun wọn lórí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Èmi ni mo di fìtílà mú. Awọ tó bo irin òsì tẹ́ẹ́rẹ́ bí awọ inú ẹyin. Awọ tó bo ti ọ̀tún tẹ́ẹ́rẹ́ bákan náà nínú mẹ́rin. Nínú ìkarùn-ún ó nípọn díẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ tí mi ò bá ti rí ká ní mi ò wá a. Mo kọ ọ́. Kò sí ọyún, kò sí dúdú. Dókítà kó wọn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí wọ́n lè wò wọ́n lábẹ́ awò amúǹkantóbi. Èsì tó padà wá kò ju ìlà mẹ́ta lọ: pé níwọ̀n oṣù mẹ́ta, ara gbà á, pé ohun tó kọjá oṣù mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò lè sọ.

Dókítà ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí bàbá mi létí, kò fo ọ̀kan. Bàbá mi ní òun gbọ́. Ó ní kí wọ́n fi í síbẹ̀.

Eegun náà so. Kò so lọ́sẹ̀ kan, kò so lóṣù kan, ṣùgbọ́n ó so. Bàbá mi padà sí Ìṣẹ́yìn nígbà tí àgbàdo ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, Ẹlẹ́tù sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ewúrẹ́ náà ti ń fò látìgbà yẹn, bàbá mi ṣì ń lo ọ̀pá kan. Ó ní ní ìgbà yìí òun yọ̀ǹda kó ṣíwájú.

Ó ti tó ọdún mélòó kan. Iṣẹ́ mìíràn gbé mi lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá wá sílé, ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe ni pé mo máa kúnlẹ̀, màá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé itan Ẹlẹ́tù, òsì, ọ̀tún. Bàbá mi á dá òfì rẹ̀ dúró, á na ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà jáde lábẹ́ aṣọ.

"Kọ tèmi náà sílẹ̀," á ní. "Àbí ewúrẹ́ nìkan lo mọ̀?"

Màá kọ méjèèjì. Mo ṣì ní ìwé náà. Kò sẹ́ni tó ní kí n máa kọ ọ́, ewúrẹ́ kan àti èèyàn kan kì í sì í ṣe ẹ̀rí tó tó fún nǹkan kan.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, àrùn kátá wọ Ìṣẹ́yìn, ó sì pa ewúrẹ́ ládùúgbò wa bí ẹni ń gbálẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé Ẹlẹ́tù ti kú. Mo dé ní ọjọ́ kejì. Nínú báàgì mi, mo gbé ọ̀bẹ, ayùn kékeré kan, àti ìgò oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran òkú kó má baà jẹrà. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ronú nípa itan ọ̀tún yẹn. Kì í ṣe oṣù mẹ́ta mọ́. Kò sẹ́ni tó tíì rí ohun tí irin Ìbàdàn máa ń ṣe nínú ara lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Bàbá mi ti sin ín sí ẹ̀yìn àtíbàbà tó ń hunṣọ sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì rọ̀. Ó wo báàgì mi, kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Bó o bá là á tó o bá a tó mọ́, kí lo máa wí fún mi?"

"Màá ní ó mọ́."

"Bí kò bá mọ́ ńkọ́?"

Mo gbé báàgì náà sílẹ̀.

"Wàá sọ ọ́," ó ní. "O kì í purọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi á gbọ́, èmi ni mo sì máa gbé ẹsẹ̀ tó ti gbọ́ gorí òfì lọ́la." Ó nawọ́ sí ara ògiri. "Ọkọ́ nìyẹn. Mi ò ní dá ọ lẹ́kun. Mo ti so nǹkan mọ́lẹ̀ rí, mo sì rí ibi tó yọrí sí."

Ó wọ inú àtíbàbà lọ. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ tó ń sáré láàárín wọn. Mo mú ọkọ́ náà, mo sì jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ilẹ̀ rírọ̀ yẹn. Mo sọ fún ara mi pé ewúrẹ́ náà ti jáde nínú iṣẹ́ tipẹ́, pé ẹsẹ̀ tí wọ́n ti so rí kò lè jẹ́rìí tó dájú, yálà fún rere tàbí fún búburú. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bí aṣọ náà ṣe ń gùn sí i ni mò ń gbọ́, tí oòrùn ń yí, tí òjìji àtíbàbà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́, mo dá ọkọ́ padà sí ara ògiri. Mo yọ ìwé náà, mo sì kọ ọ́ sí ojú ewé Ẹlẹ́tù, lábẹ́ ìlà tí dókítà fà: Ó kú. Àrùn kátá. Itan ọ̀tún: a kò là á.

Bàbá mi jáde wá ṣe àlùwàlá. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú mi. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé òsì, mo sì gbé e lé ọ̀tún. Mo pẹ́ lórí ti ọ̀tún.

"Bákan náà," mo ní.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí kẹ́tùlù.